Pátákó Súwíìṣì Mẹ́rin àti Irọ́ tí Mo Pa Mọ́ Múyìwá

Èmi, Sámúẹ́lì Ọlákúnlé Ìbíyẹmí, ọmọ Kàbà, tí mo ń gbé ní Nàtákò ní Lọ́kọ́jà, oníṣẹ́ iná ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Àyà ló ń dùn mí, kì í ṣe orí. Mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ àwọn tí mo bí, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí kọ ọ́. Ọmọ mi Janet, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi Àlájì Súbérù tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ ní Paparanda, ni kí wọ́n mú un ṣẹ.

1. Ilé mi ní Nàtákò di ti àwọn ọmọ mi, Olúṣínà, Janet àti Múyìwá, lọ́gbọọgba. Kí wọ́n má tà á. Yàrá tó kọjú sí kànga ni ti Múyìwá. Olúṣínà ti to àpò sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀; kí ó kó wọn jáde kí wọ́n tó gbé òkú mi wọlé.

2. Ewúrẹ́ mẹ́rin àti àgbò kan di ti Janet. Janet, aláìsàn lò ń tọ́jú ní ọsibítù, ìwọ fúnra rẹ kò jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá rẹ. Jọ̀ọ́, lọ rí dókítà.

3. Kí wọ́n ta alùpùpù mi. Olúṣínà kò gbọdọ̀ gùn ún, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò bínú. Kí ó bínú, kí ó sì wà láàyè. Irin-iṣẹ́ mi di ti Múyìwá, bí ó bá gbà wọ́n.

4. Pátákó súwíìṣì tó wà lẹ́yìn pẹpẹ jẹ́ ti ìjọ. Èyí tí wọ́n ń tà nílùú òyìnbó ju agbára wa lọ, ni mo bá fi pákó ìrókò àti súwíìṣì àlòkù láti ọ̀dọ̀ Súbérù ṣe é. Èkínní ń tan míkísà tó ń kó ohùn jọ. Èkejì ń tan ẹ̀rọ tó ń mú ohùn dún padà. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ń tan ampilifáyà méjèèjì tó ń fún ohùn lágbára. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá kí ẹ tó tẹ èyí tó kàn. Bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí bí iná bá padà dé bá wọn ní títàn, wọn yóò jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì ya sípíkà.

5. Abala yìí ni kí Janet kà sókè nínú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìsìnkú mi. Bí pásítọ̀ bá kọ̀, kí ó kà á lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ìkórè ọdún 1983, iná lọ nígbà ìwàásù. Múyìwá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ìsìn, èmi nìkan padà lọ yẹ súwíìṣì kẹta tó ń le wò. Mo tan gbogbo wọn láti fi dán an wò. Wọ́n pè mí sí ìpàdé àwa alàgbà, mo sì gbàgbé wọn bẹ́ẹ̀. Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Gbogbo sípíkà ya, ampilifáyà kan gbiná, ó sì jó aṣọ pẹpẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Tẹ́sítà mi, irin tí mo fi ń dán iná wò, wà nílẹ̀ lábẹ́ pátákó. Mo fi í sápò kí àwọn tó kù tó wọlé.

Nígbà tí wọ́n bi Múyìwá léèrè, ó kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá, mo pa gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà rí mi.”

Mo rí i. Mo sọ fún àwọn alàgbà pé n kò rí i.

Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Bàbá Sarah, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó, ní òun kò fún un lọ́mọ mọ́. Múyìwá lọ sí Kàdúná. Adéòkè ìyá rẹ̀ rí tẹ́sítà náà nínú ṣòkòtò tó fẹ́ fọ̀, ó sì mọ̀. Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní Bàbá Olúṣínà mọ́. “Alàgbà” ló ń pè mí títí ó fi kú. Múyìwá wá sìnkú rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn èrò, kò mu omi ilé mi.

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́ láàyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde ní ìpàdé láti sọ ọ́. Nígbà kejì, mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo ní kí wọ́n kun ògiri.

6. Ẹ fi ẹ̀dà abala karùn-ún ránṣẹ́ sí Múyìwá, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Kí Olúṣínà má lọ fi ipá mú un wá. Bí kò bá wá, ẹ sin mí. Bí ó bá wá, tí kò sì fẹ́ da erùpẹ̀ sí mi, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí.

Mo fọwọ́ sí i ní Lọ́kọ́jà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1990.

S. Ọ. Ìbíyẹmí

Àwa méjèèjì rí i bí ó ti fọwọ́ sí i, a kò sì bá wọn pín nínú ogún náà:
Jímọ̀ Àrẹ̀mú, télọ̀, Nàtákò
Martha Ọbaníyì, nọ́ọ̀sì, Lọ́kọ́jà