A Fi "Àlàáfíà Ni" Ti Ilé Ìwòsàn Dókítà Pa

Akaka Rẹ́mọ,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alaásárì.

Kàúsárà ọmọ mi, ọmọ Fàsásì,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí onílé yín náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í jẹ́ kí ẹ sinmi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín mì, ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde náà lẹ ó gbà wọlé, láṣẹ Ọba tó dá wa. Má bínú pé ọwọ́ mi ń wọ́ lórí ìwé, obì ṣíṣà ló sọ ìka mi dà báyìí. Obì ọdún yìí náà kò tilẹ̀ dára, kòkòrò ń jẹ ẹ́, ó sì ti sú èmi tí mò ń ṣà á.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti Dókítà Akínbọ́lá. O mọ̀ ọ́n, òun ló ni ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, òun ló sì ń tọ́jú mi láti ìgbà tí baba rẹ ti kú. Òun nìkan la ní. Wọ́n ti ti ilé ìwòsàn náà pa, Kàúsárà, àwa tí à ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ gan-an la sì fà á. Jẹ́ kí n rọra rò ó fún ọ, torí ó ti rẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Ajé, àwa arúgbó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń retí kó kàn wá, ni ọkọ̀ ìjọba bá dé. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ló bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé káàdì tí àwòrán ara wọn wà lára rẹ̀ kọ́rùn, bóyá wọ́n máa ń sọnù ni, èmi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì Bánkẹ́ sọ fún wa pé ìjọba ló rán wọn wá wò ó bóyá ilé ìwòsàn náà dára, bóyá kò léwu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibẹ̀ wò. Wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń wo ibà sínú fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní ó dára, mo sì dúpẹ́ fún fíríìjì náà, torí n kò mọ̀ pé òun náà máa ń ṣàìsàn. Wọ́n bi dókítà bóyá ọjọ́ kò tíì kọjá lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó ti ń gún wa lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì! Ṣé ìmọ̀ náà máa ń kan bí ọbẹ̀ àná ni? Wọ́n yìn ín pé abẹ́rẹ́ tó bá ti lò lẹ́ẹ̀kan, ṣe ló ń jù ú nù. Èmi sì rèé, mo ti ń bá Bánkẹ́ jà tipẹ́ pé ìnákúnàá ni, kó máa fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n.

Àlejò ni wọ́n, mo bá mú obì gbàǹja tó dára jù nínú àpò mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn. Ọmọbìnrin yẹn fà sẹ́yìn, ó ní àwọn kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọkùnrin náà sì tẹ̀ ẹ́ sínú pátákó onídígí ọwọ́ rẹ̀. Nílẹ̀ Rẹ́mọ wa níbí, wọ́n kọ obì! Bàbá Fádáhùnsí, àgbẹ̀ tó ní egbò lẹ́sẹ̀, tó jókòó tì mí, yọ́ sọ fún mi pé ẹni tó bá kọ obì, inú rẹ̀ kò mọ́ síni. Ó ní tí a bá lọ sọ fún wọn pé ara ṣì ń dùn wá, ṣé kì í ṣe dókítà la fi sùn yẹn? Mo ní òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ẹnu dé ẹnu títí tó fi dé ìparí bẹ́ǹṣì.

Bí ọmọbìnrin náà ṣe bi mí pé kí ló ń ṣe mí nìyẹn, mo ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Ó ní oògùn wo ni mò ń lò, mo ní Ọlọ́run ni oògùn mi. Bàbá Fádáhùnsí fi aṣọ bo ẹsẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn, ó ní òun kàn yà kí dókítà ni, òógùn sì ń dà lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí nǹkan kan ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì náà mọ́. Kódà ẹni tó ń wúkọ́ gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Bánkẹ́ ń ṣẹ́jú sí wa kíkankíkan, àwa rò pé ó ń yìn wá ni.

Àṣé orúkọ wa àti àìsàn wa wà lọ́wọ́ wọn nínú káàdì tí dókítà kọ. Wọ́n ní ìjọba ló ń sanwó ìtọ́jú àwa àgbà, pé dókítà ń fi orí ẹni tí ara rẹ̀ le gbowó, pé ṣe ló kó wa jókòó láti fi tan àwọn jẹ. Kí a tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. A sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wọn, Bàbá Fádáhùnsí ṣí ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń kígbe pé egbò wà níbẹ̀ o, egbò ńlá ni o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ.

Dókítà kò bú wa. Ì bá bú wa, ì bá sàn fún mi. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó ní Ìyá Kàúsárà, ẹ̀yin náà? Ẹkún ni mo ń sun títí mo fi délé.

Dókítà ti pe àwọn ará ìjọba náà, wọ́n ní àwọn á padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, pé kí àwa tí à ń gba ìtọ́jú fi ẹnu ara wa sọ ohun tó ń ṣe wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn náà kò ní ṣí mọ́. Oògùn mi ti tán. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn Ṣàgámù láná, èrò pọ̀, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdí sì ń ro mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Dókítà ní kí kálukú lọ kọ́ bí yóò ṣe sọ ọ́. Mo gbìyànjú, kò yá mi lẹ́nu rárá. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí wọ́n bá béèrè ara, a dúpẹ́ ni èsì. Mo wá rò ó pé ìwọ ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́ra, n kò sì pè ọ́ torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹnu mi á tún yí i.

Kàúsárà, ẹsẹ̀ mi wú dé orúnkún. Ojú mi ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Nígbà ààwẹ̀ mo ṣubú lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ni mo wà títí oòrùn fi wọ̀, ọjọ́ náà lo pè tí mo sọ fún ọ pé mo sùn lọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti máa dá sùn.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́, ohun tí agbára rẹ bá ká, àti owó ọ̀kadà. Bí ọ̀gá rẹ bá lè gbà fún ọ, wá ní Ọjọ́bọ̀, kí o jókòó tì mí, kí o bá mi sọ ọ́ bí mo bá tún ní àlàáfíà ni. Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi, ọmọ rẹ kò ní fi nǹkan pamọ́ fún ọ, ìwọ náà kò ní fi pamọ́ fún wọn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Ràbíátù. Ara mi kò yá.