Bẹ́árìn Kẹta Kọ̀, Kò Jáde

Bàbá Kékeré mi,

Àná ni ohun tí ẹ máa ń tẹnu mọ́ lórí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: iná ló ń yọ bẹ́árìn, kì í ṣe agbára. Mo gbé ilé gíà alùpùpù Bàámi sínú ààrò tí Màámi fi ń yan búrẹ́dì, bẹ́árìn méjì sì já bọ́ fúnra wọn. Màámi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọ́ìlì la ó máa jẹ ni?”

Màámi kí yín o. Ẹ bá wa kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Bàámi ti ń yá; ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ láti ọsíbítù. Bí wọn ò bá gun alùpùpù náà dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wọn á gba ẹlòmíì. Wọn ò mọ̀ pé mo ti tú u láti pààrọ̀ àwọn bẹ́árìn tó ń pariwo bí gíà bá ń yí.

Bàbá, mo ti dáràn. Bẹ́árìn kẹta wà nínú ihò tí ò la ẹ̀yìn já, kò síbi tí mo lè gbà tì í jáde. Iná ò ràn án. Ìwé tí mo kà lókè òkun ò kọ́ mi ní sùúrù: mo ki ṣísẹ́lì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi òòlù lù ú, ilé gíà sì là. Bẹ́árìn ò tiẹ̀ mì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tún gbé e sínú iná, bó tilẹ̀ lè là sí i, àbí kí n lọ bá Bàámi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù, kí n jẹ́wọ́?