Iná Tí Mo Kí Kú Iṣẹ́

Ọjọ́bọ̀, Lálúpọn. Ọyẹ́ mú.

Ojú ṣì ń tì mí. Láàárọ̀ ni mo tan ẹ̀rọ òòfà oníná sí òróró tí mo po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́, kí n lè mọ̀ bóyá agbára iná yóò dín ìṣàn rẹ̀ kù. Lóòótọ́, ó ń fà nínú ọ̀pá rọ́bà bí oyin. Inú mi dùn, mo pe ọ̀gá mi ní yunifásítì: "Mà, iná ti dì í mú!"

Àfi bí gbogbo àdúgbò ṣe hó: "Wọ́n ti múná dé o!"

Ọ̀gá gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Iná wo ló wá dì í mú, Ṣadé?"

Ọyẹ́ ló mú kí òróró ki. Èmi ń kí iná tí kò sí nílé kú iṣẹ́.

Wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Iná wà báyìí o. Ojú ń tì mí láti tan ẹ̀rọ náà.