Sìgá Nínú Àpò Nọ́ọ̀sì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Inú ń bí mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn dá àwọn kọ́ọ̀tù funfun tí mo fọ̀, tí mo lọ̀, padà fún mi. Ó gbé ọrùn ọ̀kan sí imú: "Ìyá alágbàfọ̀, ṣé orí ààrò lẹ sá èyí sí ni?" Èmi! Èéfín sìgá ọkọ mi ni. Olóyè Èéfín. Ìdí tábìlì ááyọ́nù mi gan-an ló ń jókòó sí fà á, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í joyè.

Ìṣẹ́gun, 4
Ó ní òun máa jáwọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbó bí àkísà. Mo kó ìsáná àti àwo eérú dà sí ààtàn. Ó wò mí bí ẹni tí mo jà lólè.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ti ń ṣọ́ ọ. Tó bá jẹun tán, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpò. Tó bá mu tíì, bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà: tó bá jẹun tán, kó bọ́ sídìí abọ́ fífọ̀. Kò sí tíì mọ́ — omi tútù. Tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì fún un: "Ẹ lọ èyí. Pẹ̀lú ááyọ́nù gbígbóná lọ́wọ́, kí lẹ fẹ́ fi mú sìgá?" Ó ní ṣé ọmọṣẹ́ mi lòun dà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àìkú, 9
Ó ń kanra bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ọjọ́rú, 12
Mo gbé! Nọ́ọ̀sì àgbà tún dé. Iwájú aláìsàn oníkọ́ ló ti ki ọwọ́ bọ àpò kọ́ọ̀tù láti mú bírò — sìgá ló bá jáde! "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mò ń kó aṣọ wa lọ ibòmíì." Olóyè mọ̀ pé kí n tó fọ aṣọ ni mo ń tú àpò. Tí mo bá ti lọ̀ ọ́ tán, n kì í wò ó mọ́. Ibẹ̀ ló fi ṣe àká! Aṣọ tó ń bọ́ wa!

Ọjọ́bọ̀, 13
N kò bá a bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ pé òun ló ni ín. Ó lọ. Ó ní nọ́ọ̀sì ò bú òun. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ fún òun pé tí sìgá bá ń wu òun, kí òun mu omi, kí òun rìn yí ilé ká, pé yóò kọjá lọ. Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀! Ìgbà tó ti ẹnu nọ́ọ̀sì jáde ló wá di ọgbọ́n.

Àbámẹ́ta, 15
Olóyè kó sìgá tó kù wá fún mi. Inú àpò kọ́ọ̀tù mẹ́ta ló ti yọ wọ́n. Mẹ́ta!

Ìṣẹ́gun, 18
Ó lọ fa ọ̀kan níta. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ. Mo pariwo títí ohùn mi há. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ti wà nídìí ááyọ́nù, n kò pè é.

Ọjọ́ Ajé, 24
Nọ́ọ̀sì àgbà wá kó aṣọ. Olóyè ló lọ gbogbo rẹ̀. Àwa méjèèjì dúró bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nọ́ọ̀sì tú àpò — òfìfo. Ó gbé ọrùn kan sí imú. Ó gbé òmíì. Ó ká wọn, ó kó wọn, ó ń lọ. Kò tiẹ̀ ní ẹ kú iṣẹ́! Mo yíjú kí èmi àti ọkọ mi jọ bínú sí i — ó ti wà nídìí omi, ife kejì ló ń mu yẹn.