Pupa Olókùn Mẹ́rin

Sátidé, 6 oṣù kẹsàn-án

Mi ò ṣe irun. Màmí fún mi lówó pé kí n lọ di irun ní Yaba, mo wá fi ra nǹkan pupa kan tí mo rí láàárín òkìtì bàtà òkìrìkà. Bíi gìtá ni, àmọ́ rọ́bà ni gbogbo ara ẹ̀, kò sì gùn ju apá mi lọ. Ó ní etí mẹ́rin tí wọ́n fi ń yí okùn. Ẹyọ okùn kan ló kù, òun náà ti gbó. Ẹni tó tà á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́, pé ó dàgbà ju òun lọ. Mo gbá a níkùn. Ó dáhùn — bíi kí ẹnì kan wà nínú ẹ̀.

Mo sọ ọ́ ní Pupa.

Ọ̀gá Píìnì — Màmí ni o, torí píìnì ìránṣọ kì í kúrò lẹ́nu wọn — wo orí mi, wọ́n wo Pupa. Wọn ò pariwo. Ìyẹn ló burú.

Sọ́ńdè, 7

Wọ́n ti pariwo.

"Ráyọ̀, kí lo parí rí? O fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS1. O kọ́ irun dídì, o sá. O jókòó ti máṣìnnì mi, ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Orí wọ́dúróòbù, níbi tí gbogbo ohun tó o pa tì wà, ni eléyìí náà ń lọ!"

Àǹtí Adékẹ́mi, àbúrò Màmí, ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ogúnjọ́. Màmí ní tí Pupa bá fi lè kú sórí wọ́dúróòbù, mo ń bá wọn lọ nìyẹn, ó di gbére. Báàgì ńlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ẹnì kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Túsìdeè, 9

Bọ̀dá Ambrose tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní wáyà gìtá tí wọ́n ti lò. Mo dè é. Mo yí etí — yí, yí, yí. Ọrùn Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Kràá! Mo yára tú u. Ó ti là díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo sunkún. Ìwọ ìwé yìí nìkan lo gbọ́.

Wẹ́sìdeè, 10

Bọ̀dá Ambrose rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. "Wáyà irin lo so mọ́ ọmọ rọ́bà lọ́rùn? O fẹ́ pa á ni? Ukulélè nìyẹn o. Okùn ìpẹja ni kó o lọ wá." Wọ́n yẹ fóònù wọn wò. Wọ́n ní okùn tòkè kì í dún nílẹ̀ bíi ti gìtá, òun náà ga ni. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyí: Gíga, ìsàlẹ̀, àárín, gíga.

Tọ́sìdeè, 11

Gíga, ìsàlẹ̀, àárín, gíga. Níbo ni mo ti gbọ́ ọ rí?

Sátidé, 13

Mo lọ wá okùn ìpẹja ní Òtò. Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì tó ń ta ìwọ̀ àti àwọ̀n. Wọ́n ní ẹja wo ni mo fẹ́ pa. Mo ní mi ò pẹja, orin ni. "Orin! Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ yìí fẹ́ fi okùn ìwọ̀ pa orin!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò kúrò. Ni wọ́n bá so okùn mọ́ ìṣó, wọ́n fà á le, mo ta á. Èyí tó tín-ín-rín ń ké. Èyí tó nípọn ń kùn. A ń dán wọn wò lọ títí oníbàárà kan fi bínú lọ.

Mọ́ńdè, 15

Ilé ìwé wọlé lónìí. Yúnífọ́ọ̀mù kún àdúgbò. Mo ti fèrèsé pa.

Mo so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá rántí! Tí mo bá ti ilé ìwé dé nígbà yẹn, Màmí á kígbe láti ìdí máṣìnnì: "Ráyọ̀ ti dé!" Rá lókè, yọ̀ nísàlẹ̀, ti láàárín, dé lókè pátápátá. Bí wọ́n ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́ ni mo fi yí etí Pupa. Ó bọ́ sí i!

Wọn ò pè é mọ́ látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé. Mi ò kúkú lọ ibì kankan tí mo ti ń dé.

Túsìdeè, 16

Ó ti dẹ̀. Gbogbo okùn ẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 17

Ó tún dẹ̀! Díẹ̀ ló kù kí n jù ú sórí wọ́dúróòbù. Bọ̀dá Ambrose ní okùn tuntun ló ń nà, kí n máa yí i láràárọ̀ títí yóò fi nà tán. Láràárọ̀ kẹ̀! Ṣé èmi ni mo bí i?

Mo yí i.

Fúráìdeè, 19

Màmí ń gé aṣọ, èmi ń yí okùn kẹta. Wọn ò gbójú sókè. "Ìyẹn kọ́. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀."

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Mi ò bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

Sátidé, 20

Mo ta á láàárọ̀. Kò dẹ̀. Kò dẹ̀ o!

Àǹtí Adékẹ́mi ń wọlé lọ́sàn-án. Màmí ní kí n lọ pọn omi. Mo gba orí báàgì ńlá yẹn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wò ó.

Nígbà tí mo gbé omi dé, báàgì ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbójú sókè — orí wọ́dúróòbù ló wà.

Màmí wà nídìí máṣìnnì, píìnì kún ẹnu wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n fi imú pè mí bíi tìgbà yẹn. Gíga, ìsàlẹ̀, àárín, gíga.