Òdo Tó Jókòó sí Ipò Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta

Bí òwúrọ̀ mi ṣe ń lọ rèé. Màá tan kẹ́tùlù. Màá gbé Arúgbó sórí tábìlì — kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò títí tó fi ra tuntun — màá fi ìwé atúmọ̀ èdè ti ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Bátìrì rẹ̀ ò lágbára mọ́. Torí náà, kí omi tó hó, màá pe Olófòófó. Ètò kékeré kan ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ àwọn ètò tó ń jí Arúgbó nígbà tó yẹ kó máa sùn, tí wọ́n sì ń jẹ bátìrì rẹ̀. Á kọ́kọ́ dákẹ́, bí ẹni tó ń wẹ̀yìn wò kó tó ṣòfófó, lẹ́yìn náà á da orúkọ wọn sílẹ̀, ọ̀daràn àgbà lókè. Màá pa ti òkè. Omi á hó. Màá po tíì.

Láàárọ̀ yìí, ètò ojú ọjọ́ ló jẹ̀bi. Olófòófó nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi dé yàrá iṣẹ́. Níbẹ̀ náà — "ẹ káàárọ̀" tèmi kì í kọjá ètè.

Ìṣẹ́gun, 3

Ọ̀gá Súwẹ́tà (olùkọ́ wa — ooru mú, òtútù mú, súwẹ́tà kan náà) pe àwa tuntun jọ. Kí sáà yìí tó parí, kí oníkálukú tún nǹkan kan ṣe nínú kánẹ̀lì, kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì gbà á wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá wọlé, kó lọ wá yàrá iṣẹ́ míì. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Kánẹ̀lì ni gbùngbùn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Àwọn kan ti kọ apá kan kí wọ́n tó bí mi, ẹlòmíì kọ tirẹ̀ tì í lánàá, kò sì wó. Mo ń kà á, mo ń rọra mí.

Ọjọ́rú, 4

Wọ́n fún mi ní apá kánẹ̀lì tó ń mú ẹ̀rọ sùn. Wọ́n lu ihò sára ògiri rẹ̀ káàkiri, kí ẹni tó ń wá àṣìṣe lè yọjú wo ohun tó ń lọ nínú. Húùkù ni wọ́n ń pè é níbí. Èmi ń pè é ní ihò ìyọjú. Ọ̀kan wà níbẹ̀: nígbàkígbà tí nǹkan bá jí ẹ̀rọ, á sọ nǹkan mẹ́rin jáde — ẹni tó jí i, ìgbà tó jí i, òdo, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Òdo. Nígbà gbogbo. Kò ṣírò nǹkan kan. Ẹnì kan kàn fọwọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo fi han Oníbáírò (akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó kọjú sí mi, báírò kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀). Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ìdọ̀tí nìyẹn. Gbá a dànù! Àwa ń forí gbá ògiri látọjọ́ yìí, ìwọ rí ọ̀fẹ́ he." Mo gbá a dànù. Gbogbo ìdánwò yege. Mo fi ránṣẹ́ sí Gbàgede — ímeèlì gbogboogbò tí gbogbo àwọn tó ń kọ kánẹ̀lì jọ ń kà. Orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo sáré lọ fọ ife mi. Ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹtì, 6

Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ọjọ́ Ajé, 9

Èsì dé! Obìnrin tó ń tọ́jú apá yẹn — mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Ilẹ̀kùn. Òun ló ń ṣí, òun ló ń tì. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì ni. Ìbéèrè kan péré: ta ló ń ka òdo yẹn? Oníbáírò yọrùn lẹ́yìn mi: "Sọ pé kò sẹ́nì kankan jàre." Mo kọ ọ́: Kò sẹ́nì kankan, mà. Ó ní ó dáa, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lòun máa mú un wọlé.

Ọ̀gá Súwẹ́tà bọ̀ mí lọ́wọ́. Lójú gbogbo èèyàn!

Mo fi kánẹ̀lì tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe sínú Arúgbó. Kó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 10

Kẹ́tùlù. Ìwé atúmọ̀ èdè. Olófòófó. Ó dákẹ́. Omi hó, kẹ́tùlù pa ara rẹ̀, Olófòófó ò sọ nǹkan kan. Mo tún pè é. Funfun báláú. Mo tú inú rẹ̀ wò lórí ìdúró. Ihò ìyọjú yẹn gan-an ló ń yọjú sí! Kì í ka orúkọ, ipò ló ń kà: mú èkíní, mú èkejì, fo ẹ̀kẹta, mú ẹ̀kẹrin. Mo ti yọ ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ò sí mọ́.

Mo ní kò sẹ́nì kankan tó ń kà á. Èmi ni. Láràárọ̀. Kí n tó mu tíì.

Ọjọ́rú, 11

Mo ka àwọn ímeèlì àtijọ́ Gbàgede, n ò rántí jẹun. Nígbà kan, ipò kẹta ní ìtumọ̀: ó ń sọ nípa irú ẹ̀rọ kan tí wọn ò ṣe mọ́. Wọ́n yọ ọ́. Olófòófó kú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó kọ Olófòófó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹnì kan ní, "Ihò àyẹ̀wò lásán ni, a ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni." Àgbà wọn dá a lóhùn: "Ẹni tó ń lò ó ò mọ̀ pé a ò ṣèlérí. Ó ṣiṣẹ́ fún un lánàá, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ dá a padà." Wọ́n fi òdo dí àyè náà.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà yẹn. N ò tí ì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Àwọn tí n ò mọ̀, tí wọn ò mọ̀ mí, ti ń tọ́jú àyè kan dè mí — nínú gbogbo ẹ̀rọ, gbogbo ìgbà tí nǹkan bá jí, òdo á jáde, á lọ jókòó sí àyè rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Arúgbó. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo sọ fún Oníbáírò. "Ta ló bi ọ́? Tún Olófòófó tìẹ ṣe, kó o panu mọ́. Àbí o fẹ́ lọ wá yàrá iṣẹ́ míì ni?" Kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ kí n dúró ni. Mo sì rò ó, ká sòótọ́. Ìlà kan péré ni màá tún ṣe nínú Olófòófó tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi pè. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, àbí Arúgbó náà ni?" Mo ní mo ń gbìyànjú. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní Olófòófó tí mo fi sórí tuntun òun, òun ti fi han gbogbo ọ́fíìsì àwọn, kódà ọ̀gá àwọn ń lò ó. "Bá mi kí ẹni tó ṣe é o." Ta ló máa tún ìlà kan yẹn ṣe fún wọn?

Lọ́la, kí n tó tan kẹ́tùlù, màá kọ̀wé sí Gbàgede, lójú gbogbo wọn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gba àtúnṣe mi. Ẹ bi mí lọ́jọ́ Ajé pé ta ló ń ka òdo yẹn. Èmi ni, àti ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n mi, àti àwọn tí n ò mọ̀. Lẹ́yìn náà màá lọ bá Ọ̀gá Súwẹ́tà, màá sọ ọ́ síta kó gbọ́. Màá sì fi àtúnṣe míì ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré lókè òdo náà: Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹnì kan ń kà á. Bóyá Ọ̀gá á kà á sí iṣẹ́, bóyá kò ní kà á sí. Màá dá kánẹ̀lì àtijọ́ padà sínú Arúgbó. Ìgbà yẹn ni màá tó gbé omi kaná, tí màá pe Olófòófó.