Festus Tí Wọ́n Ní Ó Lọ Amẹ́ríkà

Bọ̀dá Colman, ẹ kú iṣẹ́ o. Mayo, ní Ireland níbí, ni mo ti ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Màmá mi ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àǹtí tó tọ́ wọn dàgbà ló sọ fún wọn pé Festus, àbúrò wọn, bá ẹbí kan lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá a.

Ìjọba ti run ìwé ìkànìyàn ayé ìgbà náà, ni mo bá lọ yẹ ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń sanwó àṣẹ ajá fún ìjọba sí wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ bàbá Màmá àti abúlé rẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ abúlé náà ní Festus, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti lọ sí ilé àwọn aláìní, níbi tí ìjọba ń kó àwọn tí kò rí jẹ sí. Ìwé ilé aláìní ní ikọ́ pa á lọ́jọ́ kọkànlá tó débẹ̀. Wọn ò kọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Bí mo ṣe wọlé, Màmá ní, "Ṣé o rí àdírẹ́sì ẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò tíì rí i, mà."

"O ti lọ́ra jù. Ẹni yẹn náà ń darúgbó lọ́hùn-ún o."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún wọn? Wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ tí a ó fi ránṣẹ́ sí i.